Kátíríìjì Ìbọn: Ìtàn Èèpo, Ẹ̀tù àti Ọta

Kátíríìjì ni odidi ẹrù tí ìbọn òde òní ń yìn lẹ́ẹ̀kan. Ohun mẹ́rin ló para pọ̀ di í: ọta tó ń fò jáde, ẹ̀tù tó ń jó láti tì í, ìṣáná tó wà ní ìdí, ìyẹn fìlà kékeré tó ní oògùn tó ń gbiná bí wọ́n bá ti lù ú, àti èèpo tó kó gbogbo wọn mọ́ra. Ọta ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù, àmọ́ èèpo ló yí ìtàn ìbọn padà jù lọ láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Láti orí bébà dé orí idẹ, irin àti ike, gbogbo ìgbà tí èèpo bá yí padà ni ogun jíjà, iṣẹ́ ọdẹ àti àṣẹ lórí ìbọn náà ń yí padà. Alágbẹ̀dẹ àdúgbò lè tún ìbọn ṣe, ó sì lè rọ ọta, ṣùgbọ́n èèpo tó bára mu lẹ́gbẹ̀ẹ̀gbẹ̀rún, ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń ti í wá. Nítorí náà, ọwọ́ ẹni tó ń ṣe kátíríìjì ni agbára ìbọn wà.

Ẹ̀tù nínú bébà

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀tù, ọ̀tọ̀ ni ọta. Jagunjagun á da ẹ̀tù dúdú sẹ́nu ọ̀pá ìbọn, á ju ọta lé e, á fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gún un mọ́lẹ̀, á sì tún bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ibi tí iná yóò ti ràn. Bí ìbọn ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa ṣì ń lò ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Òjò lè sọ ẹ̀tù di ẹrẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n sì lè bu ú jù tàbí kó bù ú kù.

Bébà ni àtúnṣe àkọ́kọ́. Wọ́n á wọn ẹ̀tù kan ìbọn kan, wọ́n á fi bébà wé e pẹ̀lú ọta rẹ̀. Ọmọ ogun á fi eyín já orí bébà náà, á da ẹ̀tù, á sì ki ọta àti bébà tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ ogun Gustavus Adolphus, ọba Sweden, lo irú rẹ̀ ní ọ̀rúndún 17, ó sì di ohun tí gbogbo ogun Yúróòpù ń gbé.

Ní 1857, bébà yìí kan náà ṣáná sí ogun ní Íńdíà. Àwọn ọmọ ogun Íńdíà tó wà lábẹ́ East India Company gbọ́ pé ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi pa bébà kátíríìjì ìbọn Enfield tuntun, bẹ́ẹ̀ eyín ni wọ́n fi ń já a. Màlúù jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ fún ẹlẹ́sìn Híńdù, ẹlẹ́dẹ̀ sì jẹ́ èèwọ̀ fún Mùsùlùmí. Ìbínú ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lórí ilẹ̀, owó orí àti ìwà àwọn ọ̀gá òyìnbó; ọ̀rọ̀ kátíríìjì ló wá fi iná sí i. Láti ìgbà náà ló ti hàn pé ohun tí wọ́n fi ṣe kátíríìjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan.

Ìṣáná wọlé

Ní 1800, Edward Howard, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé fún Royal Society nípa oògùn kan tí wọ́n fi mákúrì ṣe, tó máa ń bú bí wọ́n bá lù ú. Àlùfáà ìjọ kan ní Belhelvie ní Scotland, Alexander Forsyth, ló rí ohun tí ìbọn lè fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ ṣe. Ọdẹ ẹyẹ ni. Ó ṣàkíyèsí pé iná tó ń kọ́kọ́ bù yẹ̀rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn ń jẹ́ kí ẹyẹ fò lọ kí ọta tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fi oògùn àlùbú rọ́pò òkúta tó ń ṣáná sí ẹ̀tù ìbọn, ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1807. Láàárín ogún ọdún, oògùn náà ti wọnú fìlà bàbà kékeré tí wọ́n ń gbé lé ìdí ìbọn.

Ohun tó kù ni kí wọ́n mú ìṣáná, ẹ̀tù àti ọta wọ inú èèpo kan. Jean Samuel Pauly, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, gba ìwé àṣẹ ní 1812 fún ìbọn tí wọ́n ń ki irú kátíríìjì bẹ́ẹ̀ sí láti ìdí. Ní 1841, ìjọba Prussia tẹ́wọ́ gba ìbọn alábẹ́rẹ́ ti Johann Nikolaus von Dreyse: abẹ́rẹ́ gígùn á gún bébà kátíríìjì, á la inú ẹ̀tù kọjá, á sì kan ìṣáná tó wà lẹ́yìn ọta. Ní Königgrätz ní 1866, ọmọ ogun Prussia ń ki ìbọn lórí ìdùbúlẹ̀, nígbà tí ọmọ ogun Austria ní láti nàró kó tó lè ti ẹnu ìbọn ki tirẹ̀. Síbẹ̀, bébà kò lè dí ìdí ìbọn pa. Èéfín gbígbóná ń tú síta lójú ẹni tó ń yìn ín, iná sì ń jẹ abẹ́rẹ́ náà.

Àwọn ará Faransé gba ọ̀nà mìíràn. Casimir Lefaucheux ṣe èèpo tó ní ìṣó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní àwọn ọdún 1830. Bí ìṣó náà bá ṣèèṣì kọlu nǹkan, kátíríìjì lè bú. Louis Flobert fi oògùn sí ìdí èèpo kékeré kan ní 1845, Smith & Wesson sì gbé kátíríìjì .22 jáde ní Amẹ́ríkà ní 1857, tí oògùn rẹ̀ wà nínú etí ìdí èèpo. Irú rẹ̀ ṣì pọ̀ lọ́jà títí dòní. Ṣùgbọ́n etí náà gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ kí òòlù ìbọn tó lè tẹ̀ ẹ́ fọ́, ohun tó bá sì fẹ́lẹ́ báyẹn kò lè gba ẹ̀tù tó lágbára.

Ìdí tí idẹ fi borí

Ní 1866, ọkùnrin méjì yanjú ọ̀rọ̀ náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: Edward Boxer, ọ̀gá ológun tó ń bójú tó ilé-iṣẹ́ ọta ìjọba ní Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù, àti Hiram Berdan ní Amẹ́ríkà. Àwọn méjèèjì fi ìṣáná sí àárín ìdí èèpo. Ìṣáná Boxer gbé irin tí wọ́n ń lù ú mọ́ sínú ara rẹ̀, ihò kan ṣoṣo sì ni iná ń gbà wọnú ẹ̀tù. Ti Berdan jẹ́ kí ìdí èèpo fúnra rẹ̀ di irin náà, pẹ̀lú ihò méjì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti Boxer ló gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti Berdan ló sì gbilẹ̀ ní Yúróòpù.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìbọn kí ojú tó ṣẹ́. Abẹ́rẹ́ gún ìṣáná, iná gba ihò ìdí wọnú ẹ̀tù. Bí ẹ̀tù ṣe ń jó, èèpo fẹ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ ara ihò ìbọn pinpin, kò sí àlàfo tí èéfín lè gbà padà sẹ́yìn. Ọta gba iwájú jáde. Bó ṣe jáde, ìfúnpá rọlẹ̀, èèpo sún kì díẹ̀, ìbọn sì lè fà á dànù tòun ti apá kan ooru náà. Èèpo ni ìdérí, òun náà ló ń kó ooru jáde.

Irin tó bá máa ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ rọ̀ kó lè fẹ̀, kó sì le tó láti padà sípò. Bàbà lásán rọ̀ jù. Idẹ tó ní nǹkan bí 70 bàbà àti 30 síńkì nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ iṣẹ́ náà jù. Ilé-iṣẹ́ á gé e ní pẹlẹbẹ, á tẹ̀ ẹ́ di ife, á sì fà á gùn lẹ́ẹ̀kan dé èkejì, pẹ̀lú iná láàárín kó má bàa le kó sì ya. Ìdí èèpo gbọ́dọ̀ le, ọrùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀. Àwọ̀ bí aró tí èèyàn ń rí lọ́rùn ọ̀pọ̀ èèpo àwọn ológun, àmì iná ìkẹyìn yẹn ni.

Ẹ̀kọ́ yìí kò dé lọ́fẹ̀ẹ́. Idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ká ni wọ́n fi ṣe kátíríìjì Boxer àkọ́kọ́. Ní Abu Klea ní Sudan, ní oṣù January 1885, ìbọn Martini-Henry àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì há lójú ìjà, torí èèpo tó gbóná, tí eruku aṣálẹ̀ sì wọ̀, kọ̀ láti jáde. Lẹ́yìn náà ni èèpo tí wọ́n fà láti ara idẹ kan ṣoṣo gba ipò rẹ̀. Ní Íńdíà, kátíríìjì tó wà ní ìpamọ́ ń ya fúnra rẹ̀ nígbà òjò. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1921 ló fi hàn pé amóníà, irú èyí tó ń ti inú ìtọ̀ ẹṣin jáde ní ibùjẹ ẹran tí wọ́n ń kó kátíríìjì sí, ló ń jẹ idẹ tó ṣì ní ìnira iṣẹ́ nínú. Iná díẹ̀ sí i kí èèpo tó kúrò nílé-iṣẹ́ ló tán ìṣòro náà.

Kátíríìjì dé ilẹ̀ Yorùbá

Ogun Kírìjì, láti 1877 dé 1893, ni èèpo idẹ kọ́kọ́ ti fi agbára rẹ̀ hàn gbangba nílẹ̀ Yorùbá. Ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣòwò ní Èkó ra ìbọn tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí, Snider sì wà lára wọn, wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn jagunjagun Èkìtìparapọ̀ tó ń bá Ìbàdàn jà lábẹ́ Ògèdèǹgbé. Ìbàdàn, tí gbogbo ayé ti ń sá fún, rí i pé ṣakabùlà kò tó mọ́. Nígbà tó yá, òun náà wá díẹ̀ rà.

Ohun tó yí padà ju yíyára lọ. Alágbẹ̀dẹ wa mọ bí wọ́n ti ń tún ṣakabùlà ṣe, ó sì lè rọ ọta irin. Kátíríìjì Snider kò sí lára ohun tó lè fi òòlù àti ẹwìrì ṣe. Ọjọ́ tí ọ̀nà Èkó bá dí, ìbọn tuntun náà di igi. Àwọn alágbára Yúróòpù mọ èyí dáadáa. Nínú Àdéhùn Brussels ti 1890, wọ́n ká ìbọn tuntun àti ọta rẹ̀ lọ́wọ́ kò ní apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún títa ìbọn olókùúta-ìṣáná àti ẹ̀tù lásán. Ní 1892, ní Ìmágbọ̀n, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn arọ̀jò-ọta Maxim kojú àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò lè wà láìsí èèpo idẹ tó bára mu, torí ẹ̀rọ ló ń kì í, ẹ̀rọ ló sì ń fà á dànù.

Ìtàn yẹn ṣì wà nínú òfin wa. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ya ìbọn tí wọ́n ń ti ẹnu ki, ṣakabùlà pẹ̀lú, sọ́tọ̀ sí ìpín tirẹ̀.

Ẹ̀tù aláìléèéfín àti ẹ̀wù bàbà

Ẹ̀tù dúdú ń bo ojú ogun, ó sì ń fi ìdọ̀tí sínú ọ̀pá ìbọn. Ní 1884, Paul Vieille ní Faransé ṣe ẹ̀tù tí kò fi bẹ́ẹ̀ léèéfín láti ara òwú tí wọ́n fi ásíìdì tọ́jú. Alfred Nobel gbé tirẹ̀ jáde ní 1887, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ṣe tiwọn, kọ́dáìtì, ní 1889. Ìbọn Lebel ti 1886 ni ìbọn ológun àkọ́kọ́ tó lo ẹ̀tù tuntun náà. Ọta rẹ̀ ń kọjá mítà 600 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ìyára yìí ba ọta òjé jẹ́. Òjé rírọ̀ ń fá sára ọ̀pá ìbọn. Eduard Rubin ní Switzerland ti ní ìdáhùn láti 1882: ó fi bàbà wọ ọta láṣọ. Ní 1898, àwọn ará Faransé ṣe ọta tó ní ṣóńṣó lórí, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìdí, kí afẹ́fẹ́ má bàa dá a dúró. Jámánì àti Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e láàárín ọdún díẹ̀.

Ọta aláṣọ bàbà máa ń la ara kọjá láìfẹ̀. Ní Dum Dum, lẹ́bàá Calcutta, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọta tí wọ́n ṣí lórí ní àwọn ọdún 1890, kó lè fẹ̀ nínú ara ẹni tó bá bà. Egbò rẹ̀ burú débi pé Ìkéde Hague ti 1899 kà á léèwọ̀ lójú ogun. Ọdẹ ṣì ń lo irú rẹ̀, torí ẹran tí ọta fífẹ̀ bà kì í jìyà pẹ́. Òfin yẹn ṣe pàtàkì: ó fi hàn pé àwọn orílẹ̀-èdè lè fohùn ṣọ̀kan lórí bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ṣe ọta, bí wọn ò tilẹ̀ lè fohùn ṣọ̀kan láti má jagun.

Ìṣáná pẹ̀lú yí padà. Iyọ̀ tó ń kù lẹ́yìn ìṣáná àtijọ́ máa ń fa omi, á sì dípẹtà sínú ọ̀pá ìbọn. Láti àwọn ọdún 1920, ìṣáná tí wọ́n fi èròjà òjé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò rẹ̀. Lónìí, èéfín òjé nínú gbọ̀ngàn ìdánrawò ti mú kí wọ́n máa wá ìṣáná tí kò lójèé rárá.

Kátíríìjì fúyẹ́ sí i

Ogun Àgbáyé Kejì fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọmọ ogun kì í yìnbọn jìnnà tó bí agbára kátíríìjì wọn ṣe tó. Jámánì ṣe kátíríìjì kúkúrú 7.92×33 (ìbú ọta àti gígùn èèpo ní mìlímítà), Soviet sì ṣe 7.62×39 ní 1943, èyí tí ìbọn AK sọ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 1980, NATO yan ọta SS109 ti ilé-iṣẹ́ FN ní Belgium fún kátíríìjì 5.56×45. Kátíríìjì 7.62×51 tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 24, ti 5.56 jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 12. Ìlọ́po méjì ọta ni ọmọ ogun lè gbé báyìí lórí ìwọ̀n ẹrù kan náà.

Wíwá arọ́pò idẹ

Idẹ wọ́n, ó sì wúwo. Nígbà tí bàbà ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ Jámánì nínú Ogun Àgbáyé Kejì, irin ló fi ṣe èèpo, ó sì kùn ún kó má bàa dípẹtà. Soviet sọ ọ̀nà yìí di àṣà. Irin kì í sún kì padà bí idẹ, ìdí nìyẹn tí èèpo 7.62×39 fi fẹ̀ ní ìdí tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, kó lè tètè bọ́ kúrò nínú ihò rẹ̀. Alumíníọ́mù fúyẹ́, ó sì pọ̀, àmọ́ ó yẹ ìbọn ìléwọ́ ju ìbọn gígùn tó lágbára lọ.

Fún ọdẹ, ike ló mú ìyípadà tó tóbi jù wá. Bébà ni wọ́n fi ń ṣe èèpo kátíríìjì ìbọn ọdẹ olóta-wẹ́wẹ́. Bí òjò bá pa á, á wú, kò sì ní wọ ihò ìbọn mọ́. Remington gbé ti ike jáde ní 1960, kò sì pẹ́ tó fi gba ọjà. Fún ẹni tó ń dẹ igbó ní àkókò òjò, kátíríìjì tó ń wọ ihò rẹ̀ láìjanpata lè jẹ́ ààlà láàárín oúnjẹ àti ọwọ́ òfo.

Àwọn kan fẹ́ mú èèpo kúrò pátápátá. Heckler & Koch àti Dynamit Nobel ní Jámánì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìbọn G11, tí ẹ̀tù líle kátíríìjì rẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé ọta dání. Kátíríìjì kan kò ju nǹkan bí gíráàmù 5 lọ. Ṣùgbọ́n bí kò ti sí èèpo tó ń kó ooru jáde, ìbọn gbígbóná ń sun ẹ̀tù náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yìn ín. Wọ́n rí ẹ̀tù tó ń fara da ooru, àmọ́ nígbà tí Jámánì méjèèjì di ọ̀kan ní 1990, owó àti ìdí láti rà á kò sí mọ́.

Ní April 2022, lẹ́yìn ìdíje kan, ilé-iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà yan kátíríìjì 6.8×51 ti SIG Sauer. Ìdí èèpo rẹ̀ jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, ara rẹ̀ jẹ́ idẹ, ó sì lè gba ìfúnpá 80,000 pọ́ọ̀nù lórí íǹṣì kan níbùú lóròó, èyí tí èèpo idẹ lásán kò lè gbà. Èèpo oníke ti True Velocity wà nínú ìdíje náà, ó fúyẹ́, àmọ́ kò borí. Ó dájú pé ike kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Òjé àti ẹran inú ìkòkò

Òjé wúwo, kò wọ́n, ó sì ń tètè yọ́. Májèlé ni pẹ̀lú. Pẹ́pẹ́yẹ ń gbé e mì bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú ẹrọ̀fọ̀. Ní 1987, àwọn ẹyẹ igún California tó kù nínú igbó ni wọ́n kó sí àhámọ́ kí ìran wọn má bàa parun. Òjé inú òkú ẹran tí àwọn ọdẹ fi sílẹ̀ sì wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù. Amẹ́ríkà ka ọta wẹ́wẹ́ olójèé léèwọ̀ fún dídẹ ẹyẹ omi káàkiri orílẹ̀-èdè ní 1991, Denmark fòfin de ọta wẹ́wẹ́ olójèé ní 1996, California sì fòfin de gbogbo ọta olójèé fún iṣẹ́ ọdẹ láti July 2019. Irin, bísímọ́tì àti tọ́ńsítìnì ló ń rọ́pò rẹ̀. Irin fúyẹ́ ju òjé lọ, ó ń tètè pàdánù ìyára. Tọ́ńsítìnì wúwo jù ú lọ, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Ọta odidi bàbà wà fún ẹran ńlá, ọta M855A1 tí àwọn ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2010 sì jẹ́ irin àti bàbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa. Àwòrán X-ray ti fi hàn pé eérún òjé lè wà nínú ẹran ní ibi tó jìnnà sí ojú ọgbẹ́. Ọmọdé àti aláboyún ni òjé ń pa lára jù, ọpọlọ ọmọ ló sì ń bà jẹ́. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń kun ẹran ìgbẹ́ gé ẹran tó yí ojú ọta ká dànù dáadáa, kó tó kó ìyókù sínú ìkòkò.

Àmì ìdí èèpo

Ní ìdí èèpo ni wọ́n ń tẹ àmì ilé-iṣẹ́ sí, lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú ọdún tí wọ́n ṣe é. DICON, ilé-iṣẹ́ ohun ìjà tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní Kàdúná ní 1964, wà lára ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kátíríìjì ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àdéhùn ECOWAS lórí ìbọn kéékèèké, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Abuja ní 2006, béèrè pé kí ọta ní àmì tí wọ́n fi lè mọ ẹni tó ṣe é. Ìbọn kan lè wà fún àádọ́ta ọdún, kó sì ti ọwọ́ ológun bọ́ sọ́wọ́ ajínigbé. Kátíríìjì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń tán, wọ́n sì ní láti tún rà á. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìjà ti ń rí agbára gbà ní láti ṣa èèpo ilẹ̀, kó ka ìdí wọn. Ìjọba tó bá ń kó ìbọn nìkan nílẹ̀ láìbójú tó ọ̀nà kátíríìjì, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.